Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìṣirò Físíìsì: Ipá, Okun àti Ìró

Akẹ́kọ̀ọ́ girama tó ń múra WAEC, NECO tàbí JAMB la kọ ojú ìwé yìí fún, pẹ̀lú òbí tó fẹ́ jókòó ti ọmọ rẹ̀ nídìí ìwé. Àwọn ìbéèrè tó máa ń wá léraléra la kó síbí. Nínú gbogbo ìṣirò tó wà nísàlẹ̀, 10 m/s² la lò fún g, ìyẹn bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń fi kún eré ohun tó ń já bọ́.

Mo ti há gbogbo fọ́múlà sórí. Kí ló dé tí ìṣirò kì í fi í jáde?

Fọ́múlà ló yẹ kó gbẹ̀yìn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń ṣíwájú. Bí wọ́n bá ti rí kílò àti mítà nínú ìbéèrè, wọ́n á sáré wá fọ́múlà tó ní m (máàsì) àti h (gíga), wọ́n á ki nọ́ńbà bọ̀ ọ́. Ìròyìn ni ìbéèrè físíìsì. Nǹkan kan ń lọ, nǹkan kan ń tì í, òmíràn ń fà á sẹ́yìn, ohun kan sì yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí kò bá tíì lè fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn rẹ̀ bó ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó wà nílé kò tíì ka ìbéèrè náà.

Ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ya àwòrán rẹ̀, bí kò tilẹ̀ rẹwà. Kọ ohun tí wọ́n fún ọ sápá kan, kí o yí gbogbo rẹ̀ sí mítà, kílò àti ìṣẹ́jú àáyá. Kọ ohun tí wọ́n ń béèrè sápá kejì. Ìgbà yẹn ni o tó bi ara rẹ pé òfin wo ló so ohun tí mo ní mọ́ ohun tí mò ń wá. Fi lẹ́tà bá ìṣirò náà lọ títí tí kò fi ní sí ohun tí lẹ́tà lè ṣe mọ́, kí o tó fi nọ́ńbà rọ́pò. Nínú ìṣirò ohun tó ń já bọ́, bí àpẹẹrẹ, mgh = ½mv² (v ni eré), m wà lápá méjèèjì, ó pa ara rẹ̀ rẹ́. Ọmọ tó ti fi nọ́ńbà rọ́pò kò ní rí i, yóò sì máa ráhùn pé wọn ò fún òun ní máàsì.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé "agbára" náà kọ́ ni force, energy àti power?

Lẹ́nu wa lójoojúmọ́, agbára ni gbogbo wọn. Géńdé tó gbé àpò ìrẹsì ní agbára, iná mànàmáná ní agbára, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ní agbára. Bí ọmọ bá wá gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí wọnú ìdánwò, ohun mẹ́ta yóò dàrú mọ́ ọn lórí. Ibẹ̀ gan-an la rò pé ìṣòro tó pọ̀ jù nínú físíìsì girama ti ń bẹ̀rẹ̀, ká tó dé ìṣirò rárá. Nítorí náà, lójú ìwé yìí, *ipá* (force) ni títì tàbí fífà, òṣùwọ̀n rẹ̀ ni N (newton). *Okun* (energy) ni ohun tí a ná láti fi ṣe iṣẹ́, òṣùwọ̀n rẹ̀ ni J (joule). *Agbára* (power) ni bí okun náà ṣe ń yára tán lọ́wọ́ tó, òṣùwọ̀n rẹ̀ ni W (watt).

Wo ẹni tó ń fa omi nínú kànga. Garawa omi lítà 10 ní máàsì 10 kg. Ẹ jẹ́ ká gbójú fo garawa àti okùn. Láti máa fà á bọ̀ ní eré kan náà, ipá tó nílò jẹ́ 10 × 10 = 100 N. Bí kànga bá jìn tó 12 m, okun tó ná jẹ́ 100 × 12 = 1,200 J. Bó bá fà á dókè ní ìṣẹ́jú àáyá 20, agbára rẹ̀ jẹ́ 60 W. Bó bá rẹ̀ ẹ́, tó lo ìṣẹ́jú àáyá 40, agbára di 30 W, ṣùgbọ́n okun ò yí padà, ipá náà ò yí padà. Garawa kan náà ló fún wa ní 100, 1,200 àti 60, òṣùwọ̀n wọn ló sì ń sọ èwo ni èwo.

Èdè wa gba físíìsì dáadáa. Láti 1970 ni Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì sì wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn. Ohun tí èdè èyíkéyìí ń béèrè ni pé ká mú ọ̀rọ̀ kan fún ohun kan, ká má sì yẹsẹ̀ lórí rẹ̀.

Ṣé 50 kg ni ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì?

Lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìdánwò, 50 kg ni máàsì rẹ̀; ìwúwo ni ipá tí ilẹ̀ fi ń fà á, ìyẹn 50 × 10 = 500 N. Bí a bá gbé àpò náà dórí òṣùpá, 50 kg ṣì ni, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ á di nǹkan bí 80 N. Bí ìbéèrè bá fún ọ ní g, èyí tó fún ọ ni kí o lò, ìbáà jẹ́ 10 tàbí 9.8.

Newton ní ohun tí mo bá tì á tì mí padà bákan náà. Báwo wá ni ọmọláńke ṣe ń lọ?

Láti 1687 tí Newton ti tẹ òfin rẹ̀ jáde ni ìbéèrè yìí ti ń da àwọn ènìyàn láàmú, kò sì yẹ kó ti ẹnikẹ́ni lójú. Òótọ́ ni pé ipá méjèèjì dọ́gba, àmọ́ wọn kò sí lára ohun kan náà. Ipá tí o fi tì í wà lára ọmọláńke. Ipá tó fi tì ọ́ padà wà lára ìwọ. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọláńke máa lọ, àwọn ipá tó wà lára ọmọláńke nìkan la ó kà.

Ká ní ọmọláńke àti ẹrù rẹ̀ jẹ́ 80 kg, o fi 120 N tì í, fíríkíṣọ̀n ń fi 40 N fà á sẹ́yìn. Èyí tó ṣẹ́kù jẹ́ 80 N. F = ma (F ni ipá, a ni bí eré ṣe ń pọ̀ sí i), nítorí náà a = 80 ÷ 80 = 1 m/s²: ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, eré rẹ̀ ń fi 1 m/s lé sí i. Ìwọ tí o ń tì í ńkọ́? Ọmọláńke ń fi 120 N tì ọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn, ilẹ̀ sì ń tì ọ́ síwájú. Bí o bá bọ́ sínú ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ ń yọ̀, ilẹ̀ ò rí ọ tì mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọláńke fi máa ń dúró gbagidi nínú ẹrẹ̀ bí apá ẹni tó ń tì í tilẹ̀ le.

Bí o bá ń ya àwòrán ipá, bi ọfà kọ̀ọ̀kan léèrè pé ta ló fún ọ? Ilẹ̀ ló ń fà á, okùn ló ń fà á, pákó ló ń tì í. Ọfà tí kò bá rí ẹni tó fún un, pa á rẹ́. Bọ́ọ̀lù tí a jù sókè tó ti kúrò lọ́wọ́ kò ní ipá kankan tó ń tì í sókè mọ́. Eré tó ní nígbà tó kúrò lọ́wọ́ ló ń gbé e lọ, òòfà ilẹ̀ sì ń jẹ eré náà díẹ̀díẹ̀. Bí a bá yọ afẹ́fẹ́ kúrò, ọfà kan ṣoṣo ló yẹ kó wà lára rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló sì dojú kọ.

Ìṣirò orí pákó tó dagun ló ń dà mí láàmú jù. Sin ni àbí cos?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n fẹ́ wọ́ àpò sìmẹ́ǹtì 50 kg gba orí pákó sínú ọkọ̀ ńlá. Pákó gùn ní 3 m, ẹ̀yìn ọkọ̀ ga ní 1.5 m, iye fíríkíṣọ̀n μ jẹ́ 0.2. Ipá wo ni yóò wọ́ ọ gòkè láì sáré sí i?

1.5 ÷ 3 = 0.5, ìyẹn sin 30°. Ìwúwo àpò jẹ́ 500 N, tààrà sílẹ̀ ni. Yí ọ̀nà rẹ kúrò ní òró àti ìbú, jẹ́ kí ọ̀kan tẹ̀ lé pákó, kí èkejì kọjú sí pákó. Apá ìwúwo tó tẹ̀ lé pákó jẹ́ 500 × sin 30° = 250 N. Apá tó ń tẹ pákó mọ́lẹ̀ jẹ́ 500 × cos 30° = 433 N. Bí o bá ṣiyèméjì lórí sin àti cos, fi ojú inú tẹ́ pákó náà sílẹ̀ gbalaja: igun di 0, àpò kò ní yọ̀ lọ síbì kan, nítorí náà apá tó tẹ̀ lé pákó gbọ́dọ̀ di òdo. Sin 0° ni òdo. Ìdánwò kékeré yìí kì í tanni, kò sì ní kí o há ohunkóhun sórí.

Fíríkíṣọ̀n jẹ́ 0.2 × 433 = 86.6 N, ó ń fà sẹ́yìn sí ìsàlẹ̀ nítorí pé òkè là ń lọ. Ipá tí a nílò jẹ́ 250 + 86.6 = 336.6 N. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù máàkì ni pé wọ́n á fi 500 ṣe ìsọdipúpọ̀ μ, wọ́n á rí 100 N, ìdáhùn wọn á di 350 N. Orí ilẹ̀ títẹ́jú nìkan ni ìtìpadà (normal reaction, ipá tí ilẹ̀ tàbí pákó fi ń ti àpò padà) ti dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo, àní bí okùn tó ń fà á bá dagun sókè lórí ilẹ̀ títẹ́jú, wọn ò dọ́gba mọ́.

Wọ́n sábà máa ń béèrè èrè pákó náà (efficiency) níkẹyìn. Okun tí a ná jẹ́ 336.6 × 3, nǹkan bí 1,010 J. Èyí tó wúlò, ìyẹn gbígbé àpò ga ní 1.5 m, jẹ́ 500 × 1.5 = 750 J. Nínú ọgọ́rùn-ún, 74 ló wúlò; ìyókù ti di ooru sára àpò àti pákó. Pákó kò dín okun kù rárá, ó fi kún un. Ipá ló dín kù, láti 500 N sí 337 N, torí náà ni apá ènìyàn fi lè ká a.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé okun ló yẹ kí n lò, kì í ṣe F = ma?

Wo ohun tí ìbéèrè dárúkọ. Bó bá sọ̀rọ̀ àkókò, ipá ló sábà máa ń yá. Bó bá jẹ́ gíga, jíjìn àti eré nìkan ló wà níbẹ̀, okun ló kúrú jù.

Ọmọ odó 4 kg, a gbé e ga ní 0.8 m lókè iṣu, a jù ú sílẹ̀. Okun tó kó jọ lókè jẹ́ 4 × 10 × 0.8 = 32 J. Nígbà tó bá kan iṣu, gbogbo 32 J ti di ti eré: ½ × 4 × v² = 32, v² = 16, v = 4 m/s. Ká ní ó rì wọnú iṣu ní 2 cm kó tó dúró. Ipá wo ni iṣu fi dá a dúró? Èyí tó kù lẹ́yìn tí a bá yọ ìwúwo kúrò nínú ipá náà ló jẹ 32 J láàárín 0.02 m: 32 ÷ 0.02 = 1,600 N. Ìwúwo ọmọ odó jẹ́ 40 N, nítorí náà ipá iṣu jẹ́ 1,640 N. Ohun tó wúwo ní 40 N pére fi ipá tó lé ní 1,600 N lu iṣu, torí pé okun tó fi 0.8 m kó jọ ló ná tán láàárín 2 cm. Bí iṣu bá ti di iyán rírọ̀, tó fi ń rì tó 8 cm, 400 N ló kù tí a ó fi 40 N kún. Ẹni tó ń gún un sì ń fi apá ti ọmọ odó sílẹ̀ ní tòótọ́, torí náà ti ojú odó gan-an ju báyìí lọ.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí: gbígbàgbé láti sọ 2 cm di 0.02 m, àti gbígbàgbé 40 N yẹn.

Ṣé òótọ́ ni pé alábàárù tó ru ẹrù rìn kò ṣe iṣẹ́?

Ẹni tó ti ru ẹrù rí kò ní fẹ́ gbọ́ ọ, a sì mọ ìdí rẹ̀. "Iṣẹ́" nínú físíìsì jẹ́ ipá ní ọ̀nà jíjìn *tí ó lọ sí ìhà ipá náà*. Alábàárù tó gbé 40 kg láti ilẹ̀ sórí, ní 1.8 m, ti ṣe iṣẹ́ 720 J lára ẹrù. Bó bá wá rìn 200 m lórí ilẹ̀ títẹ́jú, orí rẹ̀ ń ti ẹrù sókè, ẹrù sì ń lọ síwájú. Ipá àti ìrìn kò fojú kan ibì kan náà, iṣẹ́ orí náà lára ẹrù jẹ́ òdo. Ara rẹ̀ ń jó oúnjẹ ní ti gidi, torí iṣan kò dákẹ́ gbígbọ̀n inú ara. Okun ara rẹ̀ nìyẹn, kò wọnú ẹrù. Lórí àtẹ̀gùn, nǹkan yàtọ̀: gíga àtẹ̀gùn náà ni kí o lò.

Km/h ńkọ́?

Fi 3.6 pín in kí o tó ṣe ohunkóhun. Danfo 2,000 kg tó ń sá eré 72 km/h ń sá 20 m/s. Okun rẹ̀ jẹ́ ½ × 2,000 × 400 = 400,000 J. Ẹni tó fi 72 sínú fọ́múlà yóò rí 5,184,000 J, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 13. Bí búréèkì bá fi 10,000 N dá a dúró, yóò lo 40 m. Ní 36 km/h, 10 m ni. Ní 108 km/h, 90 m. Eré di ìlọ́po mẹ́ta, ọ̀nà tó fi dúró di ìlọ́po mẹ́sàn-án, nítorí pé v² ló wà nínú okun.

Ohùn tó lọ sókè: ṣé frequency ló pọ̀ ni, àbí ariwo?

Ọ̀rọ̀ "òkè" ló tún ń ṣe wá níbí. "Gbé ohùn rẹ sókè" túmọ̀ sí pé kí o pariwo sí i. "Ohùn òkè" tí a fi ń pe *ọ́* yàtọ̀ sí *ọ̀* jẹ́ ti iye ìgbọ̀nrìrì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn frequency (f), tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ Hz. Ọmọ Yorùbá tó ń ka físíìsì ní ànfààní kan níbí: etí rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ yìí láti kékeré. O lè sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní ohùn òkè, o sì lè fi ohùn ìsàlẹ̀ pariwo.

Wo dùndún lábẹ́ apá onílù. Bó bá fún ọsán mọ́ra, awọ lápá méjèèjì yóò le, ìgbọ̀nrìrì yóò yá, ohùn yóò gòkè. Bó bá dẹ apá, ohùn yóò sọ̀ kalẹ̀. Bó bá wá fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ kíkankíkan láì yí ìfúnpọ̀ apá padà, ariwo ló pọ̀, ohùn dúró síbi tó wà. Nínú ìṣirò, f ń tẹ̀ lé √T, níbi tí T jẹ́ ìfà awọ tàbí ti okùn. Láti sọ f di ìlọ́po méjì, ìfà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ ìlọ́po méjì. Ti gígùn okùn rọrùn jù: gé okùn gìtá sí ìdajì, f di ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́.

Gbohùngbohùn: kí ló dé tí ìdáhùn mi máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì?

Nítorí pé ìró lọ, ó sì bọ̀. Bí o bá pàtẹ́wọ́ níwájú àpáta Olúmọ tí ìró sì padà sí ọ létí lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 0.8, tí eré ìró jẹ́ 340 m/s, gbogbo ìrìn rẹ̀ jẹ́ 272 m. Àpáta jìnnà sí ọ ní 136 m. Kọ 2d = vt, má kọ d = vt rárá. Ti àrá kò ní 2 nínú, torí pé ìró ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: bí o bá rí mànàmáná tí o ka ìṣẹ́jú àáyá 6 kí o tó gbọ́ àrá, ó wà ní nǹkan bí kìlómítà méjì. Ìmọ́lẹ̀ yá débi pé a ò ka àkókò tirẹ̀.

Nínú práktíkà, kí ló dé tí eré ìró tí mo rí fi kéré ju 340 lọ?

Nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan lo wọ̀n ọ́n. Nínú práktíkà tí a ti ń fi ọ̀pá oníhò wọn eré ìró, ìró kì í parí sẹ́nu ọ̀pá gẹ́lẹ́, ó máa ń yọ díẹ̀ síta. Ká ní tuning fork rẹ (irin eléhín méjì tó máa ń dún bí a bá lù ú) jẹ́ 512 Hz, ọ̀pá rẹ sì wà nínú omi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìró bú sókè, gígùn afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá jẹ́ 16.0 cm. Ẹni tó bá sọ pé ìdá mẹ́rin ìgbì kan nìyí yóò rí 64 cm fún gígùn ìgbì, eré (f × gígùn ìgbì) yóò sì jẹ́ nǹkan bí 328 m/s. Túbọ̀ fa ọ̀pá sókè títí ìró yóò fi bú lẹ́ẹ̀kejì, ní 49.2 cm. Ìyàtọ̀ méjèèjì, 33.2 cm, jẹ́ ìdajì ìgbì gẹ́lẹ́, torí pé èyí tó yọ síta ti pa ara rẹ̀ rẹ́. Ìgbì jẹ́ 66.4 cm, v = 512 × 0.664 = 340 m/s. Èyí tó yọ síta jẹ́ (49.2 − 3 × 16.0) ÷ 2 = 0.6 cm.

Rọ́bà ni kí o fi tuning fork lù, má lù ú mọ́ etí tábìlì. Di ọwọ́ rẹ̀ mú nísàlẹ̀, kí àwọn ehin rẹ̀ má kan ẹnu ọ̀pá. Fa ọ̀pá sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bó bá kọjá ibi tí ìró ti pọ̀ jù, padà sẹ́yìn, kí o wá a lẹ́ẹ̀mejì, kí o mú àárín méjèèjì.

Bí iye tí o rí bá ju 340 lọ díẹ̀, má pa á rẹ́. Eré ìró jẹ́ 331 m/s ní 0°C, ó sì ń tẹ̀ lé √ ìgbóná ní Kelvin (°C + 273). Nínú yàrá tó gbóná tó 30°C, 331 × √(303 ÷ 273) fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 349 m/s. Kọ ìgbóná yàrá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn rẹ.

Nọ́ńbà mélòó ni kí n kọ sínú ìdáhùn?

Bí nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ bá ní àmì tó nítumọ̀ (significant figures) méjì tàbí mẹ́ta, kọ ìdáhùn sí mẹ́ta. 336.6025404 N tí ẹ̀rọ ìṣirò gbé jáde kì í ṣe òótọ́ ju 337 N lọ, torí pé μ tí a fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 0.2. Má gé nọ́ńbà kúrú láàárín ìṣirò o. Ìparí nìkan ni kí o ti gé e.